Pèrègún tí a jọ gbìn

Ọjọ́bọ̀, nígbà ìkórè kòkó

Olúwa, o ṣé o. Morẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi, ti yege! Lẹ́tà rẹ̀ dé láti Yúróòpù lónìí. Yorùbá ló fi kọ ọ́ kí n lè fúnra mi kà á.

Òfin tó de orílẹ̀-èdè sí ara wọn ló lọ gba dìgírì kejì lé lórí. Ìjọba sójà ti dáwọ́ ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró. Tí kò bá yege, ọwọ́ òfo ló máa gbé wálé.

Níbi ìdánwò àfẹnusọ, àwọn olùkọ́ rẹ̀ bi í pé tí orílẹ̀-èdè méjì bá ń jà sí ààlà ńkọ́? Ló bá rántí ọdún tí iná jó pèrègún ààlà oko wa ní Ago Alaye, tí èmi àti Bàbá Akin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà jọ di tuntun mú, tí a gbìn ín. Ó dá wọn lóhùn pé ẹnì kan kì í dá ààlà gbìn.

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí. Ọmọ yìí ò mọ̀ pé mo fẹ́ dá a gbìn ni! Inú ilẹ̀ bàbá yẹn ni mo gbẹ́ ihò sí, kí n tó gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó wo ihò, ó wo Morẹ́nikẹ́ kékeré tó tẹ̀ lé mi.

"Ìyá Rẹ̀mí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká sún un sẹ́yìn díẹ̀, ká jọ dì í mú."

Kò sọ ọ́ fẹ́nì kankan títí dòní.

Lọ́la, mà á ru iṣu lọ fún un. Mà á ní ọmọ wa ti yege.