Ẹ Má Ta Ẹ̀rọ Yín Nítorí Ikùn Mi

Ilé Ìyá Jamilah,
Beyerunka, Ìbàdàn.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú òjò. Mo gbàdúrà pé kí orúnkún yín ti fúyẹ́ ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ní tèmi, ara mi le koko. Inú ló ń bí mi.

Irọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. Mi ò ṣa oúnjẹ jẹ lórí ààtàn ní Ọjà'ba, ebi kò sì pa mí sùn rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ta ẹ̀rọ tí ẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ẹ lè fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á. Ẹ̀rọ yẹn ló rán mi lọ sílé ìwé, òun náà ló ń bọ́ yín. Mi ò lè pè yín, torí fóònù ìyá Adéyẹ́misí la fi ń bá yín sọ̀rọ̀, Adéyẹ́misí ló sì pa irọ́ náà. Lóòótọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó sì jù mí lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní bùọ̀dá nínú ìwé yìí.

Ẹ mọ̀ pé gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà kò lè máa ra tòmátì tó ń dán. Nítorí náà, bí ọjà bá fẹ́ tú, mo máa ń lọ ra ẹ̀ṣà lọ́wọ́ àwọn aláta, ìyẹn èyí tó fara pa nínú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀. Màá gé ibi tó bàjẹ́ dànù. Ìyá Jamilah, onílé wa, á já ìlasa lẹ́yìnkùlé. Ọ̀gá mi Gàníyù á ra orí ẹja gbígbẹ, torí àwọn olówó kì í fẹ́ orí. Ìkòkò kan náà la ń kó gbogbo rẹ̀ sí, pẹ̀lú irú wooro. Ìyá, láfún gbígbóná ni ká fi jẹ ọbẹ̀ yẹn, kẹ́nikẹ́ni má sì bá wa sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni Adéyẹ́misí rí mi níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mò ń ṣa ẹ̀ṣà. Òun àti ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ló wà nínú mọ́tò. Ó ní, "Bọ́lájí, ṣé ohun tó ò ń jẹ rèé? Wọlé, jẹ́ n lọ fún ẹ lóúnjẹ èèyàn." Ó gbé wa lọ sí ilé oúnjẹ kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Iye tó san lórí àwo ìrẹsì kan á bọ́ odidi ilé wa fọ́jọ́ mẹ́rin. Ìrẹsì náà tutù, adìẹ rẹ̀ kò níyọ̀. Mo jẹ ṣíbí méjì, mo dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ṣé kò dùn ni?" Mo ní, "Kò dùn. Ẹ wá jẹ tiwa." Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Mo mọ̀ pé èèyàn kì í fi oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá níṣojú àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Mo jẹ̀bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ó wá yẹ kó torí ẹ̀ lọ parọ́ tó máa pa yín lẹ́kún?

Nígbà tí Bàbá Fàsásì, ẹ̀gbọ́n yín, wá mú mi bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ti di ẹrù mi kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ní mi ò lọ. Wọ́n ní orí kunkun ń bẹ lọ́rùn mi. Ìyá Jamilah kò bá wọn jiyàn. Wọ́n gbé omi ìfọwọ́ àti láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ wa wá, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ebi ń pa á, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ebi náà wò." Bàbá fọwọ́. Wọ́n ń jẹ ẹ́ títí wọ́n fi fa orí ẹja kejì mu tán. Wọ́n wá ní, "Ta ló ní ọmọ yìí ń jìyà?" Wọ́n sì ní kí n lọ tú ẹrù mi. Àwọn náà ló mú ìwé yìí bọ̀, ẹ bi wọ́n.

Kí Adéyẹ́misí wá síwájú yín, kó sọ pé òun parọ́. Bó bá ti lè ṣe é, èmi náà á dọ̀bálẹ̀ fún un nítorí ìrẹsì. Bí kò bá ṣe é, mi ò ní kí i.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ sunkún mi. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó sì jẹun ọmọ.

Èmi ni ọmọ yín olóríkunkun,
Bọ́lájí.

Mo tún rántí: Bàbá ní ẹ ń béèrè ta ni mo ní ní Ìbàdàn tó lè dúró tì mí. Ìyá Jamilah, ọ̀kan. Ọ̀gá mi, tí wọ́n pa iṣẹ́ tì lọ́jọ́ tí Bàbá wá, tí wọ́n wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, méjì. Sàídì tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, tó jókòó lé ẹrù mi lórí, mẹ́ta. Aláta tó fi igbá rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọjà'ba, tó wá sọ fún Bàbá pé òun kì í ta ìdọ̀tí fọ́mọ èèyàn, mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, àgbàlá kún. Mi ò kà á mọ́.