Ta Ló Ń Fi "Ẹ" Kí Mi Lórí Fóònù Rẹ?

Ilé Bàbá Ọdúnjọ,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Awoyaya, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́bọ̀.

Ọlábùnmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ tọkàntọkàn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ìwọ àti Àbídèmí ọmọ rẹ nínú àlàáfíà. Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Má fi mí ṣẹ̀sín pé mo ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lórí Wasáàpù lójoojúmọ́. Ẹ̀rù fóònù ló ń bà mí.

Láti ọdún tí a ti pàdé nínú ẹgbẹ́ aránṣọ orí Fesibúùkù, a ò tíì fojú kan ara wa, bẹ́ẹ̀ Awoyaya níbí kì í ṣe òkè òkun sí Jakande tí ò ń gbé. Síbẹ̀ kò sí ohun tí o kì í gbọ́. Mo mọ àkùkọ aládùúgbò rẹ tó máa ń kọ nírọ̀lẹ́ bí ẹni mọ ẹbí. Ìwọ náà mọ òbúkọ bàbá onílé wa tó jẹ aṣọ àǹkárá oníbàárà mi, tí mo wá sọ fún obìnrin náà pé ẹ̀wù alápá kan ló lòde báyìí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi rẹ́rìn-ín ìyẹn.

Ìwọ lo sì máa ń ta mí jí láràárọ̀: "Ṣèyí abẹ́rẹ́, ṣé o ti jí, àbí ibùsùn ti gbé ẹ mì?" N kò rántí ọjọ́ kan tí o kí mi bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé, ohun tí mo ń rí láti orí fóònù rẹ ni: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa mà?" Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé yẹ̀yẹ́ tuntun lo gbé dé. Mo bú ọ, o ò bú mi padà. Mo sọ ìròyìn òbúkọ, èsì tí mo rí ni: "Ó dáa mà." Bùnmí tí mo mọ̀ kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ òbúkọ kó ní ó dáa mà! Mo pè, wọ́n gé e. Mo tún pè, wọ́n tún gé e.

Lánàá ni jìnnìjìnnì wá bò mí. Ẹni náà kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ojúlé wo gan-an nilé yín ní Awoyaya? Ìgbà wo lẹ máa ń wà nílé?" Mo ní wọ́n ti jí fóònù rẹ nìyẹn, tàbí wọ́n ti ṣe ọ́ ní nǹkan kan, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ wa àtẹ̀yìnwá bí olè ṣe máa kà á. Bùnmí, ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. Mo ti sọ pé Lakowe, níbi iṣẹ́ bíríkìlà, ni Akíndàmọ́lá ọkọ mi ń sùn, tó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Mo ti sọ bí òbúkọ ṣe ta báàkẹ́ẹ̀tì nù, tí kọ́kọ́rọ́ ilé tí mo fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ yọ síta. Mo ti sọ pé Ṣemílóore ọmọ mi ló ń dá bọ̀ láti ilé ìwé, tó ń kọrin lọ́nà. Àwàdà lásán ni mo pè é. Mo ti so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn báyìí, ọmọ náà kò sì lọ sílé ìwé lónìí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá kan géètì, inú yàrá ni mo ń sá sí.

Ishaq, aládùúgbò wa tó ń lẹ táìlì ní Ilasan nítòsí yín, ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán. Mo ní kó béèrè ilé àkùkọ tó ń kọ nírọ̀lẹ́ yẹn, kó yà sí ilé kejì rẹ̀, kó sì fi í lé ìwọ fúnra rẹ lọ́wọ́. Bí ó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jọ̀ọ́, bú mi. Bú mi dáadáa, kí n lè mọ̀ pé o wà láàyè.

Kí Olúwa dáàbò bò ọ́. Ibi kò ní mọ ojúlé rẹ, ẹkún kò sì ní rọ́pò ẹ̀rín wa. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí o kò tíì rí sójú,
Ṣèyílọ́lá.

Àfikún: N kò tíì lẹ àpòòwé náà pa nígbà tí fóònù rẹ pè mí. Àbídèmí ni, ó ń sunkún. Ó ní o ṣubú ní ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, pé o wà ní ilé ìwòsàn, apá rẹ ọ̀tún kò gbéra, o ò sì tíì sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá rẹ kìlọ̀ pé kó má sọ àìsàn rẹ fẹ́nì kankan lórí fóònù, pé ayé le, ìdí nìyẹn tó fi ń wá ilé mi, kó lè wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní bí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọlé, o máa ń yí ojú sí fóònù, nítorí náà lòun ṣe ń dá mi lóhùn, òun kàn ò mọ bí òun ṣe máa bú àgbà ni. Bùnmí, olè ni mo ń bẹ̀rù láti àná. Ì bá sàn ká ní olè náà ni. Àbídèmí yóò gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ Ishaq, yóò sì kà á sí ọ létí. Èmi àti Ṣemílóore ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Jọ̀ọ́, má lọ síbì kankan kí n tó dé.