Àpótí Yín àti Ìràwọ̀ Pupa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Kábà, gbogbo àdúgbò ti gbin iṣu, èmi nìkan ni mo ṣì ń wojú ọ̀run. Èbù tí ẹ fi sílẹ̀ ti ń hù nínú ọgbà, àwọn mìíràn ti ń jẹrà. Láti àná ni Ìyá kò ti bá mi sọ̀rọ̀, ìkòkò ni wọ́n ń bá jà. Mo pẹ́ gbìn lésìí, iṣu tí a wà kò sì ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. Bí ti ọdún yìí bá tún ṣègbé, èbù yín parun nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ẹ máa ń ṣe gan-an ni mò ń ṣe. Bí a bá ti kírun alẹ́ tán, mo ń jókòó sórí àpótí yín lẹ́bàá kànga, mo ń wo ìràwọ̀ pupa rúsúrúsú yẹn níhà ìlà-oòrùn. Àfi tó bá wà lórí ọ̀pẹ ìsàlẹ̀ ọgbà lákòókò yẹn kí ẹ tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan èbù. Ṣùgbọ́n kò tíì kọjá ìdajì ọ̀pẹ.

Ọkọ àbúrò mi, tíṣà, ti kà nínú ìwé pé ìràwọ̀ náà ti darúgbó, pé ogbó ló mú un wú, tó sì mú un pọ́n. Àgbà tiwa a máa rù ni, tirẹ̀ ń sanra! Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì bà mí. Ṣé arúgbó yìí kò lè gòkè mọ́ ni? Ṣé òun náà fẹ́ fi mí sílẹ̀?

Lónìí, ẹni tó ń bá wa kọ ẹyìn fi igbà gun ọ̀pẹ yẹn. Mo wò ó títí ọrùn fi dùn mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilẹ̀ lẹ máa ń dúró sí, tí ẹ ó fi dòjé kọ ẹyìn rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Ìràwọ̀ kò ṣe nǹkan kan, ọ̀pẹ ló ga.

Ìgbà náà ni mo rántí àpótí yín. Lọ́dọọdún lẹ máa ń sún un sẹ́yìn díẹ̀, láti ẹ̀bá kànga títí ó fi kan ògiri. Àwa rò pé ariwo wa lẹ ń sá fún, àṣé gíga ọ̀pẹ ni: béèyàn bá jìnnà sí i, á kéré lójú ẹni. Nígbà tí ẹ kú, èmi ọlọ́gbọ́n gbé e padà sẹ́bàá kànga, mo ní ibẹ̀ ni àyè yín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àbí ẹ rò pé mo ti rí i?

Mo dá lẹ́tà yìí dúró díẹ̀; lálẹ́, bí a ti kírun tán, mo gbé àpótí padà sídìí ògiri. Ẹ̀yìn mi kan ibi tí ẹ̀yìn yín ti mú dán. Mo wòkè, ìràwọ̀ ti wà lórí ọ̀pẹ. Mo sunkún díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. A ó gbin iṣu lọ́la. Ìyá ti ń ṣa èbù, wọ́n tún ti ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ọ̀pẹ kò ní dẹ́kun gíga, ògiri sì ti wà lẹ́yìn mi. Níbo ni kí n sún sí lọ́dún tó ń bọ̀?

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ, tó jókòó sí àyè yín.