Odó Létí Òkun

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá, 2025
Bọ́sẹ̀ ìyàwó mi ní òun ò gbọ́ àwáwí mọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣèlérí pé a óò jọ wọ inú òkun. A ń lọ sí Ìlàjẹ lọ́jọ́bọ̀. Mo ní kò burú. N kò sọ fún un pé omi tó bá kọjá orúnkún máa ń já mi láyà.

Ìṣẹ́gun, 2
Mo bèèrè iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ lọ́hùn-ún. Abọ́ kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin! Ẹni méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin — ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ra iṣu mẹ́rin ní Ọjà Ọba, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré. A óò gbé odó dání.

Ọjọ́rú, 3
Bọ́sẹ̀ di ẹrù tirẹ̀, ó fi odó sílẹ̀ fún èmi nìkan.

Ọjọ́bọ̀, 4
A dé Ìgbókọ̀dá, níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọlọ́kọ̀ ojú omi — Elérìn-ín ni mo sọ ọ́ — wo odó, ó ní, "Bàbá, ẹni mẹ́ta ni yín." Ó ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ará Èkìtì ni mí. Mo san ẹgbẹ̀rún méjì fún odó, bíi ti èèyàn. Ọmọ odó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Igbó lápá ọ̀tún, igbó lápá òsì, gbogbo igi dúró sínú omi. Mo di odó mú títí a fi dé erékùṣù kan létí òkun. Ilé ìyá Elérìn-ín la sùn.

Ẹtì, 5
Òkun! Kò ní òdìkejì. Bọ́sẹ̀ fẹ́ wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní ká jẹun ná. Mo gbé odó sórí iyanrìn, mo gún iṣu tí a ti sè. Odó wọlẹ̀. Mo tún gún — ó tún wọlẹ̀. Ilẹ̀ Adó-Èkìtì tiwa le, n kò mọ irú èyí rí. Kò pẹ́, ẹnu odó nìkan ló kù lókè, iyanrìn sì ti kún inú iyán.
"Bàbá, ṣé ẹ ń gbin odó ni?" Elérìn-ín nìyẹn.
Bọ́sẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Pamílẹ́rìn, ẹ̀rù omi ló ń bà yín, ẹ wá ń fi iyán bojú."
Òótọ́ ni. Ó ní òun ò ní dá wọ̀ ọ́. Ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àbámẹ́ta, 6
Ọkọ̀ máa gbéra láago mẹ́wàá. Òmíràn ò sí títí di Ajé. Láago mẹ́sàn-án mo bọ́ ṣòkòtò — ó ku pátá tí Bọ́sẹ̀ ní kí n jù nù lọ́dún tó kọjá — mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Orúnkún. Ìbàdí. Yéè! Ìgbì gbé mi ṣubú, fìlà mi bá tiẹ̀ lọ. Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi mu omi iyọ̀.
"Olúmúyìwá!" ló ń pè. Kò pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí a ti bí Pamílẹ́rìn.
Elérìn-ín ń pariwo létí omi pé aago mẹ́wàá ti lù. Mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ.