Kíndìnrín Mi Ń Bọ̀ Lọ́dọ̀ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí aṣọ funfun tí o ń wọ̀ nínú láàbù. Ojú rẹ kò ní ṣe bàìbàì lórí ẹ̀rọ tí o ń tẹjú mọ́ látàárọ̀. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ sì le jù ú lọ. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn kò jò mọ́. Èmi fúnra mi ni mo gun àkàbà lọ́jọ́ Sátidé, kí àwọn tó ń sọ pé kí ẹni tó ní jẹjẹrẹ kíndìnrín máa sùn lè rí mi lókè.

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ìyá rẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, èmi kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, torí mi ò fẹ́ kó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. O ní nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, àwọn ìránṣẹ́ kan ń gbé àṣẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe pírótéènì. Ṣùgbọ́n àwọn ìránṣẹ́ gígùn kan wà tí wọn kì í gbé àṣẹ pírótéènì kankan, tí àwọn onímọ̀ tiẹ̀ kà sí pàǹtí tẹ́lẹ̀, àṣé àwọn ló ń sọ fún àwọn yòókù pé ẹ dìde, ẹ dákẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ya pòòkíì, sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín á máa pọ̀ sí i, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yé mi. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ṣe fóòmàn àwọn bíríkìlà. Ṣé o rántí ọkùnrin gíga tí a ń pè ní Ẹnu-Ń-Ṣiṣẹ́? Kò gbé búlọ́ọ̀kù kan rí, ó kàn ń rìn láàárín àwọn tó ń mọlé pé ẹ máa gbé e lọ sókè. Lọ́jọ́ tí mi ò sí níbi iṣẹ́, ó sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi mọ ògiri kọjá ibi tí òrùlé máa jókòó sí. Mo fún un ní ìwé ìléniṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a sì wó ògiri náà.

Nítorí náà, nígbà tí dókítà gbé fọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ dé pé àwọn máa yọ kíndìnrín òsì, mo ní rárá, èmi kì í wó odindi ilé nítorí aláriwo kan. Mo yí fọ́ọ̀mù náà sẹ́yìn, mo kọ ìwé ìléniṣẹ́ sí i: gbogbo ìránṣẹ́ gígùn inú kíndìnrín òsì mi, mo ti lé wọn láti òní lọ, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Mo fi déètì sí i, mo ní kí dókítà bá mi fi jíṣẹ́. Ó kà á, kò rẹ́rìn-ín, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ó ní wọn kì í gbọ́ ìwé. Ó ní àwọn kan nínú wọn ló tiẹ̀ ń dí jẹjẹrẹ lọ́wọ́, pé mo ti lé olóòótọ́ pọ̀ mọ́ olè. Ó ní kò tíì sí ẹni tó lè mú ọ̀kan ṣoṣo jáde nínú wọn bí mo ṣe mú Ẹnu-Ń-Ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ̀yin inú láàbù ń wá nìyẹn, ṣùgbọ́n ògiri tèmi ti ga jù, àfi kí wọ́n wó o kó tó ran ilé mìíràn. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ó wá bi mí bóyá mo gbà kí wọ́n tọ́jú èyí tí wọ́n bá yọ fún ìwádìí. Mo ní ọmọ mi ló ń ṣe ìwádìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Nọ́ọ̀sì ní nọ́ńbà ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ti ta ni. Mo kọ orúkọ rẹ gàdàgbà sójú fọ́ọ̀mù náà, mo sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ.

Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ kíndìnrín náà ránṣẹ́, owó odindi ìjókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lé ẹsẹ̀. Kí o fi ti ìyá rẹ kún un. Ó gbọ́ pé inú yìnyín ló máa wà, ó ní òun kò ní jẹ́ kó dá rin ìrìn náà.

Tí kíndìnrín náà bá dé, má ṣàánú rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ló fi bá mi ṣiṣẹ́ láìgba ìsinmi, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Wá Ẹnu-Ń-Ṣiṣẹ́ inú rẹ̀ rí, kí ìwé ìléniṣẹ́ bàbá ẹlòmíràn lè jẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, iṣẹ́ rẹ kò ní já sí asán. Tí wọ́n bá sì lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lóòótọ́, tí o kò mọ èwo ni tèmi nínú gbogbo wọn, máa tọ́jú gbogbo wọn bíi tèmi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fóòmàn tí kò tíì fẹ̀yìn tì.