Ológbò Tí Mo Bá Nílé Ọkọ

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹta 1976

Adéwálé ọkọ mi ti bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Parakou. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ku èmi, Ìyá tó bí i, àbúrò rẹ̀ Oyèlékè, ológbò méjì. Oyèlékè — mo lè kọ ọ́ síbí nítorí pé ìwé ò létí. Lẹ́nu, Eyínmẹ́nugún ni mo ń pè é. Ìyàwó ilé ni mí, mo bá a nílé, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ àbísọ rẹ̀.

Lónìí mo bi Ìyá pé kí lorúkọ ológbò dúdú. Ó wò mí bíi pé mo bú u. Ó ní ṣebí mo bá ológbò náà nílé ni? Kí n lọ wá orúkọ tèmi fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2

Ó dáa. Dúdú yẹn — Adúmáadán. Eléérú tó ń fọ ojú látàárọ̀ ṣúlẹ̀ — Afínjú.

Ọjọ́bọ̀, 4

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣe ìṣirò, èmi ń kọ ewì lábẹ́ tábìlì. Olùkọ́ rere.

*Adúmáadán, o ò bi mí ní ìlú tí mo ti wá,*
*O ò bi mí ní èdè tí mo fi ń sunkún.*

Mo tún un kà, ojú tì mí. Ológbò dà nínú èyí? Èmi nìkan ló kún ibẹ̀. Ní Sàkété, Ìdí-Ìkòkò ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé nítorí àwọ̀ mi. Mo wá dé Ṣábẹ̀ẹ́, mo fún ẹranko lórúkọ tí ǹ bá fẹ́ kí wọ́n fún mi. Ẹranko ọ̀hún ò tilẹ̀ dáhùn. Orúkọ tí Ìyá ń pè é nínú yàrá, tó bá ti tilẹ̀kùn, ló ń jẹ́. N kò gbọ́ ọ rí.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Rédíò ò sinmi. Àjẹ́, àjẹ́, àjẹ́. Àwọn ni ọ̀tá Ìyípadà tí ìjọba sójà gbé dé, àwọn ni kò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè lọ síwájú.

Ọmọ Awawou, aládùúgbò wa, kú lánàá. Ibà ni. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbóná janjan. Ṣùgbọ́n Awawou ti sọ fún gbogbo èrò ẹnu kànga pé òun gbọ́ tí Ìyá ń fi orúkọ ènìyàn pe ológbò. Orúkọ ta ni, kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ṣáà jẹ́ orúkọ ènìyàn. Ó ní ènìyàn ni Ìyá sọ di ológbò, àti pé ọmọ òun ló kàn báyìí.

Eyínmẹ́nugún wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ̀rù ń bà á. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́ Ajé, 8

Wọ́n wọ́ Alimatou arúgbó lọ sí gbàgede. Wọ́n fá a lórí. Wọ́n fi bẹ́líìtì àti igi nà án títí ó fi jẹ́wọ́ pé òun jẹ ọmọ méje. Ọ̀kan nínú àwọn méje náà ń ta epo lọ́jà, mo rí i lánàá. Èyí ò kàn wọ́n.

Alimatou ti kú kí oòrùn tó wọ̀. Bí wọ́n bá mú Ìyá débẹ̀, kò ní padà wálé.

Ọjọ́rú, 10

Wọ́n pè mí. Norbert, olórí ìgbìmọ̀, ní kí n sọ orúkọ ológbò náà. Mo ní Adúmáadán. Ó ní orúkọ gidi lòun ń béèrè. Mo ní ìyàwó ilé ni mí, mo bá a níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Ó gbá mi létí. Ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu mi. Ó ní àṣà ìgbà ọba nìyẹn, Ìyípadà ti fòpin sí i.

Inú bí mi. Hélène ìyàwó rẹ̀ wà ní ìjókòó. Mo ní kó pe orúkọ àbísọ àbúrò Norbert fún wa níbí, kí gbogbo wa gbọ́. Hélène doríkodò. Kò pè é. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Norbert ní kí n máa lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń bọ̀ wá mú Ìyá.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Eyín mi kan ń mì. Ìyá ń fọ́ ẹja fún àwọn ológbò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n dé lọ́sàn-án, Norbert níwájú, Awawou lẹ́yìn, èrò kún àgbàlá. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan Ìyá, Eyínmẹ́nugún jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọ odó. Mo rò pé Norbert ló fẹ́ là á mọ́. Inú mi dùn! Adúmáadán ló là á mọ́. Ìbàdí ni ó kọ́kọ́ bà. Ológbò náà ń fi ọwọ́ iwájú wọ́ ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́. Ó tún lù ú. Ó tún lù ú. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri, ó ta sí ẹsẹ̀ Ìyá. Ó ní, "Ó tán! Kò sí ológbò mọ́, kò sí ẹjọ́ mọ́. Ẹ máa lọ."

Ó rò pé òun ń gba ìyá òun là ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Ìyá jókòó sílẹ̀, ó gbé òkú náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki í:

*Àkàngbé, ọmọ tó wálé nínú òjò,*
*Àkàngbé, tó mu ọmú tán tó tún dì mọ́ mi lọ́rùn,*
*Àkàngbé mi, ilẹ̀ ti ṣú, wọlé wá jẹun.*

Gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ yíjú sí Oyèlékè. Oríkì rẹ̀ ni.

Ó ní, "Ìyá, èmi rèé! Mo wà láàyè!" Ìyá ò gbójú sókè. Ó ní, "Lọ́dún tó kọjá, ìwọ lo ní kí n má pè ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ayé ti yí. Orúkọ ṣì wà lẹ́nu mi. Níbo lo fẹ́ kí n gbé e sí?"

Ó tún ń ki ológbò lọ. Oyèlékè pariwo pé kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Oyèlékè fi ọmọ odó tì í, orí Ìyá lọ gbá ọlọ. Ẹ̀jẹ̀.

Norbert ń fò sókè. Ó ní Ìyá ti jẹ́wọ́, ó fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú ológbò, ẹ gbé e! Wọ́n ti fà á dìde. N kò mọ ibi tí ohùn mi ti wá. Mo ní, "Bí ẹ̀mí Eyínmẹ́nugún bá wà nínú ológbò, kí ló dé tó ṣì dúró?"

Ológbò ti kú fin-ín fin-ín. Oyèlékè dúró, ó ń làágùn, ọmọ odó lọ́wọ́. Awawou ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú tí ẹkún wà nínú rẹ̀. Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Norbert pariwo títí, kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Wọ́n jọ̀wọ́ Ìyá sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 14

A sin ológbò náà sẹ́yìnkùlé. Mo fi ewì mi dáná. Ìlà mẹ́ta péré ni Ìyá sọ. Èmi ń fi orúkọ ológbò wo ara mi nínú dígí. Ìyá ń fi tirẹ̀ pe ẹnì kan pé kó wá jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 15

Láàárọ̀ yìí Oyèlékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá. Aṣọ ṣì wà lójú ọgbẹ́ orí Ìyá. Oyèlékè ń sunkún. Ó ní, "Ìyá, Àkàngbé ni."

Ìyá gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ta lẹ ń wá nílé wa?"

Mo rò pé ọgbẹ́ ti ba orí rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi, ó ní Ìyábọ̀dé, ọkọ̀ ojú irin máa dé lónìí, lọ gbé ọbẹ̀ kaná fún ọkọ rẹ, má sì fi iyọ̀ bà á jẹ́ bíi ti ọjọ́sí. Ọpọlọ rẹ̀ pé pérépéré.

Oyèlékè ò dìde. Ìyá fa aṣọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ Oyèlékè, jẹ́jẹ́, ó sì tún bi í: "Ẹ ò tíì dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ wá wò."