Kápúsù Ọgọ́ta Tó Wà Nínú Ike Màmá

"Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́! Kọ pé ara mi ti yá! Tí o bá ti ẹnu ẹ bọ ọ̀rọ̀ mi, Níní, iná tí mo fi ń yan ẹja yìí ni màá fi jó ìwé yẹn lójú ẹ!"

Ohun tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn, Àǹtí Peculiar, mi ò sì tíì kọ ju orúkọ yín lọ. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé nídìí ààrò, èéfín bo ojú wọn, èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, mò ń kọ ọ́ níbí. Inú ìwé tèmi ni mo kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí, tó bá parí màá dà á kọ sórí pépà tó mọ́. Ẹ má bínú pé lẹ́tà lẹ rí, tẹ́ ò rí ìpè. Àǹtí Leah tó ń ta kápúsù fún Màmá sọ fún wọn pé fóònù máa ń da họ́mónù rú, Màmá wá fi fóònù wọn sínú ìkòkò gààrì, wọ́n dé e, wọ́n gbé òkúta lé e lórí kí agbára ẹ̀ má bàa jáde. Inú kátọ́ọ̀nù ẹja tó ń bọ̀ ní Àbújá ni lẹ́tà yìí máa wà. Tó bá ń rùn, ẹ má fi bú mi.

Ọ̀rọ̀ Màmá rèé, bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Peculiar ọmọ Ikúmápàyí, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn sọdá ọ̀sà, mo kí ọ o. Ṣé Àbújá ò le jù? Ṣé ẹ̀ ń rí omi wẹ̀ níbẹ̀, àbí ẹ̀ ń fi aṣọ nu ara ni? Omi ò ní gbé ẹ lọ, ilẹ̀ gbígbẹ náà ò ní gbé ẹ mì. Olúwa tó ń ṣọ́ ẹja níbi tí ojú èèyàn ò dé, á ṣọ́ ẹ láàárín àwọn tí ò mọ orúkọ bàbá ẹ. Kí o ṣe àmín, kí o tún un ṣe. Gbogbo wa ní Bàrígà wà dáadáa. Akínlẹ́yẹ, àbúrò bàbá yín, ní kí n kí ẹ, ọkọ̀ ẹ̀ ti ń jò, ó fi ṣingọ́ọ̀mù dí i, ó ní ó dára ju èyí tí àwọn káfíńtà ń lò lọ. Ọjọ́ tó bá rì, a ó máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ara mi gan-an ni mo fẹ́ kí o gbọ́ kí inú ẹ dùn. Leah, ọmọ ìjọ wa tó ń ta oògùn amárale ní Pedro, gbé ẹ̀rọ kan wá sílé. Ó ní kí n di irin kan mú, irin náà tutù bí imú ajá, ni kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka inú mi bí ẹni ń ka Bíbélì. Ìṣẹ́jú kan péré. Pépà tó jáde níbẹ̀ gùn ju ìwé ilẹ̀ bàbá yín lọ. Ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti rẹ̀, ó ní ọkàn mi ń sáré ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó ní họ́mónù mi ò dọ́gba rárá, apá kan wúwo, apá kan fúyẹ́. Ó tún ní pròsítéètì mi ti wú. Mo sọkún lọ́jọ́ náà. Níní ní àwọn kọ́ ọ níléèwé pé ọkùnrin nìkan ló ń ní pròsítéètì. Mo ní ta ló mọ̀wé jù nínú ìwọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin girama àti kọ̀ǹpútà? Bàbá yín ló fi í sílẹ̀ fún mi. Ọdún mọ́kànlélógún la jọ sùn lórí ẹní kan, ohun tó wà lára ọkùnrin á kúkú ran obìnrin. Bá mi gbàdúrà sí i.

Àǹtí, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àmọ́ èmi ni mo ka pépà yẹn. Lókè ẹ̀, níbi tí orúkọ máa ń wà, Moshood ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo fi han Àǹtí Leah. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní ẹ̀rọ náà kì í tètè gbàgbé ẹni tó di irin mú kẹ́yìn, pé orúkọ nìkan ni ti Moshood, inú tó wà níbẹ̀, inú Màmá ni. Màmá ní ṣé mo ti gbọ́.

Wọ́n ní kí n máa bá a lọ.

Họ́mónù, tí o kò bá mọ̀ ọ́n, Peculiar, ó dà bí ẹrù inú ọkọ̀. Tí gbogbo ẹrù bá wà lápá kan, ọkọ̀ á dojú dé. Mo jókòó ro ó, mo rí i pé ọwọ́ èmi fúnra mi ló ti wá. Láti kékeré, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbé agbọ̀n, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń yí ẹja, ọwọ́ ọ̀tún náà ni mo fi nà yín dàgbà. Gbogbo họ́mónù ti kó sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́ kó lè dọ́gba. Kápúsù náà ti ń jẹ́, torí lọ́jọ́ Ẹtì ọwọ́ òsì mi dákẹ́ lójijì, agbọ̀n ẹja já bọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Leah ní họ́mónù tuntun ló ń wọlé síbẹ̀, pé tí àlejò bá ń kẹ́rù wọlé, onílé á kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Ẹnu mi náà máa ń wọ́ díẹ̀ láàárọ̀, tí n bá ti mu ẹ̀kọ tán á padà sípò. Ó ti ń dé ibẹ̀ náà nìyẹn.

Àǹtí Peculiar, nígbà tí mo kọ ìyẹn tán, bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ rántí ẹnu Bàbá wa? Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹnu wọn wọ́ sápá kan, Bùọ̀dá Akínlẹ́yẹ rò pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni, àwọn náà bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín títí Bàbá fi ṣubú lé àwọ̀n lórí. Mi ò sọ ìyẹn sókè. Màmá ní kí ló dé tí bírò mi dákẹ́. Mo ní yíǹkì ti ń tán.

Wọ́n ní kí n kọ èyí náà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí funfun tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn nígbà tí mo ṣubú nídìí ààrò, mo ti fi í sílẹ̀. Ó kéré bí ẹ̀pà tí wọ́n là sí méjì. Kí ni irú ẹ̀ máa ṣe fún èèyàn tó sanra tó mi? Nọ́ọ̀sì tún ní títí ayé ni kí n máa lò ó. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ ẹ̀ máa parí, ṣé o lè gbà á síṣẹ́? Ti Leah yìí, wọ́n kọ ọjọ́ sára ike. Níní ló kà á fún mi, oṣù kẹta, ọdún 2028. Ọjọ́ náà ni àìsàn mi máa parí, láti ilé iṣẹ́ tó ti ń bọ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Kí o tọrọ àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ láti ìsinsìnyí, kí o lè wálé lóṣù kẹta náà, ká jọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Leah tún fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n lè di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta kápúsù. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣe mí. Mo ní kí wọ́n pe Jésù. Leah ní kò sí nọ́ńbà wọn lọ́wọ́ òun. Orúkọ ẹ ni mo wá fi síbẹ̀. Má bínú, ìwọ lo ṣìkejì.

Màmá ti lọ pọn omi, mo lè sọ tèmi díẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí, Àǹtí. Èmi ni mo mú Àǹtí Leah wá sílé. Irun ń hù lágbọ̀n mi. Nǹkan oṣù mi ò wá fún oṣù mẹ́rin, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ ń rò, mi ò mọ ọkùnrin kankan. Awwal tó ń tún fóònù ṣe ní ojúlé kejì máa ń dìde tí mo bá ń kọjá, á ṣí fìlà, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Àlájì, ṣé ẹ ti kírun?" Gbogbo àwọn tó jókòó tì í á máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Nínú oòrùn gangan, ìborùn ni mo fi ń bo àgbọ̀n. Mo gbọ́ pé Àǹtí Leah ń yẹ èèyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ kánópì kan ní Obanikoro, mo fẹsẹ̀ rìn lọ. Wọ́n ní họ́mónù ni, wọ́n fọwọ́ kan àgbọ̀n mi, wọn ò rẹ́rìn-ín. Ẹni àkọ́kọ́ tí kò rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo sọkún níwájú gbogbo èèyàn. Mo mú wọn wálé kí Màmá lè ra kápúsù fún mi. Wọ́n dé, wọ́n rí Màmá, wọ́n gbàgbé mi.

Ọgọ́ta ló wà nínú ike kan. Èmi ni mo máa ń kó o lé Màmá lọ́wọ́, méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́, wọ́n á wá mú méjì fún èmi náà. Ó tóbi, kì í gba ọ̀fun mi kọjá. Lọ́jọ́ kan mo fa ọ̀kan, ó pín sí méjì bíi bírò àti ọmọrí ẹ̀, ìyẹ̀fun ewé dà sí mi lọ́wọ́, ó ń rùn bíi koríko tí wọ́n sá. Látìgbà náà, mo máa ń da ìyẹ̀fun náà sódò, màá gbé awọ ẹ̀ nìkan mì kí Màmá lè rí i pé nǹkan lọ. Mo gbé awọ mì fún odindi oṣù kan. Irun ṣì wà lágbọ̀n mi.

Mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùnolúwa nílé ìwòsàn. Wọ́n ní kí n wá fún àyẹ̀wò, pé èmi kọ́ ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó ń ṣe, pé ohun tí wọ́n ń ṣe sí i wà. Mo ní ẹ fi tèmi sílẹ̀ ná, mo sọ ti ọwọ́ òsì Màmá. Wọ́n dìde lórí àga. Wọ́n ní kí Màmá padà sídìí oògùn funfun yẹn, ọ̀kan láràárọ̀, kí wọ́n má fò ó, kí n sì gbé wọn wá kíá. Mo délé, mo kúnlẹ̀. Màmá ní ṣé mo fẹ́ kí oògùn méjì máa jà nínú òun ni, pé Leah ti kìlọ̀, pé ilé ìwòsàn tí bàbá wa lọ, ṣé ó padà wálé lórí ẹsẹ̀ ẹ̀? Nígbà tí mo pè yín lóṣù tó kọjá lórí fóònù aládùúgbò, ẹ ní Màmá ti sọ fún yín pé ara wọn ti yá, pé kí n yé máa dẹ́rù bà yín, ẹnu iṣẹ́ lẹ wà. Mi ò bínú. Ohùn wọn dùn lórí fóònù lóòótọ́, kí fóònù náà tó wọ ìkòkò gààrì.

Màmá ti dé. Wọ́n ní ká parí ẹ̀.

Peculiar, fi owó ike mẹ́ta ránṣẹ́, Leah ní mẹ́ta ló ń gbéra wọn níyì nínú ara. Tí kò bá sí, fi ti ike kan ránṣẹ́, èyí tó kù á máa dúró dè é. Ẹja inú kátọ́ọ̀nù yìí, má jẹ ẹ́ lójú ará Àbújá, wọn ò mọ̀ ọ́n jẹ. Ibi tí o bá da àwọ̀n sí, ẹja á ti jí dúró dè ọ́. Ọwọ́ ẹ ọ̀tún á ríṣẹ́ ṣe, tòsì náà á ríṣẹ́ ṣe. O ò ní jogún àìsàn kankan lọ́wọ́ mi, kódà pròsítéètì yìí, ara mi ni yóò parí sí. Èmi ìyá ẹ tó lera, Sabina.

Màmá ní kí n ka gbogbo ẹ̀ fún àwọn. Mo kà á, mo fo gbogbo ibi tó jẹ́ tèmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo kọ ọ́ dáadáa. Ìdajì ẹnu wọn ló rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Bùọ̀dá Akínlẹ́yẹ tó ń gbé kátọ́ọ̀nù lọ sí gáréèjì á tún un kà kí wọ́n tó dì í, kí n má bàa lọ fi nǹkan bọ̀ ọ́. Torí náà, ibi tó jẹ́ tèmi ò ní dé ọ̀dọ̀ yín, Àǹtí. Inú ìwé yìí ló máa kú sí.

Oògùn funfun tí Màmá ní kí n lọ dà sódò, mi ò dà á. Ó wà nínú báàgì iléèwé mi, ó ku mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ti wọn ọ̀kan wò. Ó wọ inú awọ kápúsù, ọmọrí ẹ̀ sì dé e pátápátá, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe rí. Láti ọ̀la, èyí tí mo máa kó lé wọn lọ́wọ́ láàárọ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ ò ní jẹ́ ti Àǹtí Leah mọ́. Mi ò ní sọ fún Nọ́ọ̀sì. Mi ò ní sọ fún yín. Tí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà bá tán, màá lọ wá òmíràn.

Tí ọwọ́ òsì wọn bá jí, mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n á dìde nínú ìjọ, wọ́n á na ọwọ́ náà sókè, wọ́n á ní kápúsù Leah ló ṣe é. Àǹtí Leah á máa sunkún ayọ̀. Gbogbo ìjọ á hó.

Mo máa pàtẹ́wọ́.